Wọ́n Ṣí Ilẹ̀kùn Nínú Ìwé, Wọ́n Tì Í Ní Ẹnubodè

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kárùn-ún, ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà péjọ ní ìlú Dakar, wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye. Wọ́n ní ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ó wà nínú Àjọ ECOWAS ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè yòókù, kí ó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀, láìgba físà. Ohun méjì péré ni wọ́n ní kí ó mú dání: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé ẹ̀rí ìlera, èyí tí àwọn èrò ọkọ̀ mọ̀ sí káàdì yẹ́lò. Wọ́n ní kí ó gba ẹnubodè tí ìjọba là sílẹ̀ wọlé. Ó parí. Kò sí ibì kan nínú àdéhùn náà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ó fi owó sí àárín ìwé ìrìnnà rẹ̀ kí ó tó nà án sí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Sèmè fún ìdajì ọjọ́ yóò rí bí a ti ń fi ojú àdéhùn yìí gbolẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ẹnubodè rárá ni awakọ̀ ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé yóò san tirẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà ṣùgbọ́n tí kò ní káàdì yẹ́lò yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ yóò san èyí tí ó pọ̀ jù, alùpùpù yóò gbé e gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, yóò sì tún bá ọkọ̀ rẹ̀ níwájú. Gbogbo wọn ni yóò wọlé. Kí wá ni iṣẹ́ tí ìwé ń ṣe? Ìwé tí ó yẹ kí ó fún arìnrìn-àjò ní ẹ̀tọ́ ti di ohun tí a fi ń dín owó rìbá kù lásán.

Ẹ wo obìnrin oníṣòwò kan tí ó ń ti Èkó lọ sí Abidjan. Ọ̀nà náà fi díẹ̀ lé ní 1,000 kìlómítà. Yóò kọjá ní Sèmè kí ó tó wọ Bẹ̀nẹ̀, yóò kọjá ní Hilacondji kí ó tó wọ Tógò, yóò kọjá ní Aflao kí ó tó wọ Gánà, yóò sì kọjá ní Elubo kí ó tó wọ Côte d'Ivoire. Ẹnubodè 4 nìyẹn láàárín orílẹ̀-èdè 5. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, ìjọba méjì ni ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ọ̀kan nítorí pé ó ń jáde, èkejì nítorí pé ó ń wọlé. Bí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà 8 ní àlọ, wọn yóò gbà á nígbà 8 ní àbọ̀. Èrè ọjà rẹ̀ ti lè tán sí ojú ọ̀nà kí ó tó tú ẹrù. Àwọn ará Ẹjìgbò, tí wọ́n ní ẹbí ní Abidjan láti ìgbà àwọn bàbá wọn, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣòwò Kano tí ó ń gba Jíbíyà lọ sí Maradi, àti ọmọ Ìgbò tí ó ń ra ọjà ní Kútọnu. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ará Èkó àti ará Àgbádárìgì nìkan ni èyí. Ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà ni, ọ̀rọ̀ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni pẹ̀lú.

Ta ni ó kọ́kọ́ la àwọn ààlà yìí? Kì í ṣe Aláketu, kì í sì í ṣe ọba Katsina. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, tí wọ́n fi gègé fa ìlà láàárín Èkó àti Dàhòmì. Ìlà náà fi Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ti Kétu, sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà mìíràn ya Maradi kúrò lára Katsina, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ọba Katsina ni wọ́n tẹ Maradi dó. Òmíràn tún ya àwọn Ewe sí méjì, tí apá kan fi wà ní Gánà, tí apá kejì sì wà ní Tógò. Àwọn òyìnbó tí wọ́n fa ìlà náà ti lọ, wọ́n sì ti gbé àsíá wọn lọ. Àwọn tí wọ́n jókòó sídìí ìlà náà lónìí, tí wọ́n ń fi í gba owó lọ́wọ́ ìbátan wọn, dúdú ni wọ́n. Èyí ni ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn kan yóò dìde, wọn yóò ní bí a bá ṣí ẹnubodè sílẹ̀, àlejò yóò kún ilẹ̀ yìí, wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ka àdéhùn náà. Ìbẹ̀wò ọjọ́ 90 kì í ṣe ìtẹ̀dó. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹni tí ó lọ sìnkú, ẹni tí ó lọ ṣe ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀, ẹni tí ó lọ ra aṣọ ní Lomé, ẹni tí ó lọ wo aláìsàn, gbogbo wọn ni yóò padà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọjá ọjọ́ 90, àdéhùn náà pàṣẹ pé kí ó lọ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ìjọba ibẹ̀. Kódà, ó fi àyè sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti kọ ẹni tí òfin rẹ̀ kò gbà láàyè. Kí ni ohun tí ó tún kù tí ọkàn wọn kò fi balẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà fi ṣeré. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde. Ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó fi ilé, ìsọ̀ àti gbèsè ọjà wọn sílẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń ṣòwò ní àríwá Gánà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní ọdún 13 lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari ṣe irú rẹ̀ gan-an fún àwọn ará Gánà àti àwọn mìíràn. Ó lé ní mílíọ̀nù 1 ènìyàn tí ó kúrò ní Nàìjíríà, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1985. Ti 1969 ṣẹlẹ̀ kí àdéhùn tó wà. Ti 1983 àti ti 1985 ṣẹlẹ̀ nígbà tí inki ìbuwọ́lùwé ìjọba Nàìjíríà ti gbẹ lórí àdéhùn náà.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ẹni tí ó dé ní ìjẹta àti ẹni tí ó ti fi ọdún 8 gbé ìlú fi jọ jẹ ìyà kan náà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé, nígbà tí ariwo bá ta, ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ nínú ìwé kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tí ó wọlé. Níhìn-ín ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń ṣe ara wọn ní ibi láìmọ̀. Òǹtẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ẹnubodè ń lù sínú ìwé kì í ṣe oore tí ó ń ṣe fún èrò, kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó tà. Òun ni ẹ̀rí pé ẹni yìí dé ní ọjọ́ báyìí, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 90. Ẹni tí ó san owó tí ó fi wọlé láìlu òǹtẹ̀ rò pé òun ti yege. Ó ti fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀wọ̀n. Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró ní ọ̀la, kò ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Yóò tún san, yóò sì máa san títí yóò fi padà sílé. Rìbá àkọ́kọ́ ni ó bí gbogbo rìbá yòókù.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru èrò ọkọ̀. Ìjọba ní ìpín tirẹ̀, ìpín náà sì pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó ìwé ìrìnnà olójú-ewé 32 kúrò ní ₦35,000 sí ₦50,000. Kò tíì pé ọdún kan gédégbé tí wọ́n fi kéde pé yóò tún di ₦100,000 láti oṣù Kẹsàn-án 2025. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní oṣù Keje 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Èyíinì ni pé òṣìṣẹ́ tí ó ń gba owó yìí kò ní jẹun, kò ní wọkọ̀, kò ní san owó ilé fún odindi oṣù kan, síbẹ̀ kò ní lè ra ìwé tí yóò fi lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Bí ó bá wá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ìjọba yóò pè é ní arúfin. Ta ni ó tì í sí ọ̀nà ẹ̀bùrú?

Ohun tí ó ń dunni ni pé wọ́n ti rí oògùn àrùn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1985, àwọn olórí ECOWAS fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìwé ìrìnnà kékeré kan tí yóò wà fún ìrìn láàárín Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan, kí aláìní má bàa wá ìwé ńlá kiri. Ní 2014, wọ́n tún fi ohùn ṣọ̀kan pé káàdì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo yóò tó fún ọmọ ECOWAS láti fi kọjá ẹnubodè. Sẹ̀nẹ̀gàl kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 2016 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ará ìlú rẹ̀ ní káàdì náà. Nàìjíríà, tí ó pọ̀ jù ní ènìyàn, tí ó sì jẹ́ pé ní Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní oṣù Kárùn-ún 1975, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sá eré náà. Ẹ wọ inú ọjà èyíkéyìí ní ìlú Nàìjíríà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò 10 bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa ìwé kékeré ti 1985. Ìdáhùn wọn ni yóò sọ irú iṣẹ́ tí ìjọba ti ṣe láti 40 ọdún.

Àwọn mìíràn yóò sọ̀rọ̀ ààbò. Wọn yóò ní apániláyà wà níta, ìbọn ń gba ẹnubodè wọlé, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Òótọ́ ni, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣí ọ̀nà fún olè: ìyá arúgbó tí ó mú ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò dání, àbí òṣìṣẹ́ tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé? Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Owó tí ó mú kí wọ́n gbójú fo èrò tí kò ní ìwé ni ó ń mú kí wọ́n gbójú fo ẹrù tí kò yẹ kí ó wọlé. Bí gbogbo ẹni tí ó kọjá bá lu òǹtẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀, ìjọba yóò mọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí kò jáde. Àdéhùn 1979 kò bá ààbò jà rárá. Rìbá ni ọ̀tá ààbò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dábàá pé kí a ti ẹnubodè pa. Wọ́n ti dán an wò. Láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020 ni Nàìjíríà fi ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀, pé òun fẹ́ dá fàyàwọ́ ìrẹsì dúró. Ẹni tí ó jìyà ni oníṣòwò kékeré tí ó ń gba ojú ọ̀nà títọ́. Oní-fàyàwọ́ mọ inú igbó, kì í sì í dúró de kí ẹnikẹ́ni ṣí géètì fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó tún rí nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù Keje 2023. ECOWAS pàṣẹ kí a ti ẹnubodè, Jíbíyà àti Illela sì wà ní títì títí di oṣù Kẹta 2024. Àwọn ológun wà lórí àga wọn títí ìjìyà náà fi parí. Alálùbọ́sà, onímàlúù àti alágbàró tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Niamey ni wọ́n san gbèsè náà.

Ìkórìíra tí ó ti inú irú ìyẹn jáde ti so èso. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní 2025, Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r kúrò nínú ECOWAS, orílẹ̀-èdè 15 sì di 12. Àjọ náà ṣe ohun kan tí ó yẹ fún ìyìn ní ọjọ́ náà: ó kéde pé kí gbogbo ẹnubodè ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àti káàdì àwọn ará orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà tí ó ní àmì ECOWAS, kí wọ́n sì máa wọlé láìgba físà bí ti àtẹ̀yìnwá, títí a ó fi rí ojútùú. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ìjà àwọn olórí kì í ṣe ìjà àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n ikéde tí wọ́n ṣe ní Abuja kò ní ìtumọ̀ kan bí òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Illela bá rí i gẹ́gẹ́ bí àyè tuntun láti fi gba owó.

Ẹ tún wo Yúróòpù. Ní oṣù Kẹfà 1985, orílẹ̀-èdè 5 péré pàdé ní abúlé Schengen ní Luxembourg, wọ́n fi ọwọ́ sí àdéhùn láti mú ẹnubodè kúrò láàárín ara wọn. Ọdún 6 lẹ́yìn ti Dakar nìyẹn. Àwọn Faransé àti Jámánì tí wọ́n ti pa ara wọn bí ẹni pa ẹran nínú ogun ńlá méjì ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àyẹ̀wò ìwé kúrò ní ẹnubodè láàárín ara wọn. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Yúróòpù ni ó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Àwọn ọlọ́lá Nàìjíríà sì ń bínú, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú, nígbà tí ilé aṣojú òyìnbó bá gba owó físà lọ́wọ́ wọn, tí ó yẹ ìwé báǹkì wọn wò tinú-tẹ̀yìn, tí ó sì tún sọ pé òun kò gbà. Ẹni tí ojú ń ta nítorí pé òyìnbó fi ìwé yọ ọ́ lẹ́nu, kí ni ó sọ nípa aládùúgbò tí a ń fi ìwé yọ lẹ́nu ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò farasin. Èkíní, kí ìjọba gbé pátákó ńlá sí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pé ìwé méjì ni a ń béèrè, pé ọjọ́ 90 ni ẹ̀tọ́ àlejò, àti pé ọ̀fẹ́ ni òǹtẹ̀. Èkejì, kí wọ́n mú ìwé ìrìnnà kékeré àti káàdì ECOWAS dé gbogbo olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀, ní iye tí alágbàró lè san. Ẹ̀kẹta, kí òṣìṣẹ́ tí ó bá jẹ́ kí ènìyàn kọjá láìlu òǹtẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ̀ka ìdájọ́ sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n mú àwọn ibi àyẹ̀wò tí ó kún ojú ọ̀nà láti Sèmè títí dé Èkó kúrò. Ilé ẹnubodè kan ṣoṣo tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ń lò ni àwọn Ààrẹ méjèèjì ṣí ní Sèmè ní oṣù Kẹwàá 2018, kí a lè yẹ èrò wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí a ti yẹ̀ wò níbẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a óò tún dá dúró ní gbogbo ìyànà.

Ẹ̀karùn-ún kan àwọn aṣòfin, kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ alátakò nìkan. Àwọn tí wọ́n fi àsíá ẹgbẹ́ tí ó ni ìwé ìròyìn yìí wọ ilé ìgbìmọ̀ wà lára àwọn tí a ń bá wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìwé ìrìnnà aláwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń kọjá láìsí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò láti Mile 2 lọ sí Kútọnu, kí wọ́n sì wá ròyìn fún ilé. Nígbà tí Mínísítà bá wá béèrè owó fún iṣẹ́ ẹnubodè nínú ìṣirò ọdún, kí wọ́n bi í léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: àwọn òṣìṣẹ́ mélòó ni o ti bá wí nítorí rìbá?

Èkẹfà ni ti àwọn èrò àti awakọ̀ fúnra wọn. Kí ẹgbẹ́ awakọ̀ fòpin sí gbígba owó sílẹ̀ fún oníbodè ní gáréèjì. Kí ẹgbẹ́ ìyálọ́jà kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti mú ìwé méjèèjì dání, kí wọ́n sì béèrè òǹtẹ̀ wọn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kò gbọ̀n. Ó rọrùn láti dá ẹnì kan dúró sí oòrùn. Ṣùgbọ́n bí èrò ọkọ̀ 18 bá jọ sọ pé àwọn kò ní san, tí ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn náà sì sọ bẹ́ẹ̀, títì ẹnubodè yóò dí, ọ̀gá yóò jáde láti ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ náà yóò sì di ti gbangba. Inú òkùnkùn ni rìbá ń gbé.

Àwọn tí ó buwọ́ lu àdéhùn Dakar kò ṣe é fún ara wọn. Ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n bá lọ, kò sì sí oníbodè tí ó dá wọn dúró. Wọ́n ní nítorí àgbẹ̀, oníṣòwò àti ọmọ iṣẹ́ ni. Ó ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ṣe ìlérí náà, àwọn tí wọ́n ṣe é fún sì ṣì dúró ní Sèmè, ìwé wà ní ọwọ́ ọ̀tún wọn, owó wà ní ọwọ́ òsì. Iṣẹ́ ìjọba ni láti jẹ́ kí èyí tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún tó.